Ìdúró mabu nínú kung fu: ṣé bí ó ṣe rẹlẹ̀ tó ni, tàbí bí ó ṣe tọ́ tó?

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ̀yin àgbà ojú-òpó yìí, mo kí yín o. Ó ti tó oṣù díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ Hung Gar, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà kung fu tó ti Guangdong ní gúúsù Ṣáínà wá. Ohun tí olùkọ́ wa ń kọ́ wa jù láti ìgbà náà ni mabu, ìyẹn ìdúró ẹlẹ́ṣin: kí ẹsẹ̀ méjèèjì yà síra, kí orúnkún tẹ̀, kí ẹ̀yìn nà ró, kí a sì di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà. Wọ́n fẹ́ kí itan wa tẹ́jú, kí a sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi sọ pé ó tó. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kò wá mọ́. Ní tèmi, n kò fẹ́ fi í sílẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà dọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún mi ti ń dùn mí níwájú, nísàlẹ̀ egungun roboto tó wà lórí orúnkún, pàápàá nígbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, kí ni dídúró pẹ́ nínú mabu ń kọ́ ara gan-an, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ènìyàn rẹlẹ̀ tó kí ó tó jèrè rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fi àlàyé dá mi lóhùn, kí ó má kàn ní kí n fara dà á.

ỌmọHungGar

Ará wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ń kọ́. Irú mabu tí Hung Gar ń lò ni wọ́n ń pè ní sei ping ma ní èdè Cantonese, ó sì gbòòrò, ó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Ọwọ́ Wong Fei-hung àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Lam Sai-wing ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ayé mọ̀ sí Hung Gar lónìí ti gbà kọjá, láti Guangdong dé Hong Kong, ìtàn tí àwa tí a wá lẹ́yìn sì ń gbọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á lo oṣù púpọ̀ nínú mabu kí wọ́n tó fi ọ̀nà ìjà kankan hàn án. Àwọn ará Ṣáínà a máa sọ ọ́ pé ẹni tó bá kọ́ ẹ̀ṣẹ́ tí kò kọ́ agbára ìpìlẹ̀, òfo ni yóò bá lọ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé dídúró lásán ni. Bí ẹ bá dé orí Gung Gee Fook Fu, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú àwọn àkójọ ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní taolu, ẹ óò rí i pé inú mabu ni apá tó pọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà: ọwọ́ á máa jáde, á máa wọlé, pẹ̀lú èémí àti fífún iṣan pọ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n kò lè fiyè sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ itan ṣáájú.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣí ìdúró náà tún ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í ka èyí sí. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ yí iwájú ẹsẹ̀ síta, ẹ yí gìgísẹ̀ síta, ẹ tún yí iwájú ẹsẹ̀ síta, kí ẹ wá fi gìgísẹ̀ tò ó kí ẹsẹ̀ lè kọjú síwájú gbọọrọ. Nípa báyìí, gígùn ẹsẹ̀ ara yín ni yóò pinnu bí ìdúró yín yóò ṣe gbòòrò tó, ẹ kò sì ní máa fi ara wé ẹni tó ga jù yín lọ.

Ìrora itan, ẹ fara dà á. Ìrora orúnkún, ẹ má ṣe fara dà á rárá.

Olùtọ́júIṣan

Iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ni mo ń ṣe, mo sì ti kọ́ karate rí, níbi tí wọ́n ti ń lo irú ìdúró yìí tí wọ́n ń pè é ní kiba-dachi. Mo fara mọ́ gbólóhùn tí ỌmọHungGar fi parí ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Bí ènìyàn bá dúró sójú kan pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, iṣan ńlá iwájú itan ni ó ń fà láìsinmi, okun líle tó so ó mọ́ egungun ojúgun nísàlẹ̀ orúnkún ni ó sì ń gba gbogbo agbára náà. Okun yìí máa ń le sí i bí a bá ń fi ẹrù kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó lọ́ra púpọ̀ ju iṣan lọ. Iṣan lè lágbára sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, okun á sì máa tẹ̀lé e fún oṣù púpọ̀. Àsìkò tí iṣan ti gbà pé òun lè rẹlẹ̀ sí i, tí okun kò sì tíì ṣe tán, ni irú ìrora tí ẹ ṣàpèjúwe yìí sábà máa ń yọjú.

Ohun kejì ni ibi tí orúnkún kọjú sí. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ wò ó bóyá orúnkún yín ń kọjú sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ kejì kọjú sí, tàbí ó ń ṣubú sínú. Bí ó bá ń ṣubú sínú nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò kúrò lójú kan, ńṣe ni oríkèé náà ń lọ́, kò sì sí iye ìfaradà tó lè sọ lílọ́ di agbára. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pẹ̀lú pé ihò tí orí egungun itan wọ̀ nínú ìbàdí kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wà tí egungun wọn kò ní gbà wọ́n láàyè láti yà sí ìwọ̀n tó gbòòrò, kí ẹsẹ̀ wọn kọjú síwájú gbọọrọ, kí itan wọn sì tún tẹ́jú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yí ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀lé e, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú mabu rẹ̀.

Ìkẹta, agbára tí a ń rí nínú dídúró sójú kan máa ń pọ̀ jù níbi ìwọ̀n ìtẹ̀ tí a fi dúró gan-an, kì í sì í tàn jìnnà kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró ní ìwọ̀n kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà, ìwọ̀n yẹn nìkan ni ó ń kọ́. Nítorí náà, lọ́wọ́ tí a wà yìí, ẹ gòkè díẹ̀ títí ìrora kò fi ní sí mọ́ tàbí tí yóò fi kéré gan-an, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45, ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Bí orúnkún bá wú, tàbí tí ó ń há láìlè nà, ẹ lọ fi han oníṣègùn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, nítorí pé àwọn àgbà wà láàárín wa. Àgbéyẹ̀wò kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn eré ìdárayá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbé jáde ní 2023 kó ìwádìí 270 jọ, ó sì rí i pé nínú àwọn irú eré ìdárayá tí wọ́n fi wéra, èyí tí iṣan ti ń fà láìjẹ́ pé oríkèé ń yí, pàápàá fífẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, ni ó mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ìròyìn ayọ̀ ni fún àwọn onímabu. Síbẹ̀, lákòókò tí ènìyàn wà lórí ìdúró náà, ṣe ni ìfúnpá rẹ̀ ń gòkè, yóò sì gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá sé èémí. Ẹ máa mí. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kò bá tíì wà níkàáwọ́, kí ó bá oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

WushuÈkó

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi taolu díje ni mo ti wá, nítorí náà ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Nínú changquan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà wushu, ìyẹn kung fu tí a fi ń díje, ìdúró márùn-ún ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: mabu tí ẹ ti ń sọ, gongbu, níbi tí orúnkún iwájú ti tẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì nà tán, pubu, níbi tí a ti lóṣòó pátápátá sórí ẹsẹ̀ kan, tí a na èkejì sí ẹ̀gbẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́lẹ̀, xubu, tí ìwúwo ara fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tán, tí ìka ẹsẹ̀ iwájú kàn fara kan ilẹ̀, àti xiebu, níbi tí a ti fi ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì kí a tó lóṣòó. Wubuquan ni taolu kékeré tó so márààrún pọ̀, òun sì ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tuntun.

Ẹ wo bí wubuquan ṣe ń lọ. Ẹ̀ṣẹ́ kan nínú gongbu. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ta síwájú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kejì. Á balẹ̀ sínú mabu, ọwọ́ kan á dènà, èkejì á ta. Ìyẹn á lọ́ wọ xiebu. Orúnkún á gòkè, ara á sọ̀kalẹ̀ lọ sínú pubu, á sì dìde wọ xubu. Kò sí ibi tí a ti ń pẹ́ nínú rẹ̀. Àárín ìdúró kan sí èkejì ni ẹ̀kọ́ náà wà: bí ìwúwo ara ṣe ń kọjá láti ẹsẹ̀ kan sí ìkejì láìjẹ́ pé orí ń gòkè sọ̀kalẹ̀, àti bí a ṣe ń dúró wẹ́rẹ́ nígbà tí a bá dé. Nígbà tí ènìyàn bá yí láti mabu sí gongbu, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń ti ilẹ̀, ìbàdí ni ó ń yí, ẹ̀ṣẹ́ ni ó ń kẹ́yìn dé. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ̀ pé apá nìkan kọ́ ni ó ń gbé ọmọ odó. Ẹsẹ̀ tó yà síra àti ìbàdí ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín àkókò yín: kí ẹ lo díẹ̀ nínú rẹ̀ fún dídúró, kí ẹ lo èyí tó pọ̀ jù fún yíyí láti mabu sí gongbu ọ̀tún, padà sí mabu, sí gongbu òsì, láìyára. Nínú gbọ̀ngàn Ẹgbẹ̀rún Búdà ní ilé ìsìn Shaolin ní Henan, àwọn kòtò wà lórí ilẹ̀ tí ìtàn sọ pé ẹsẹ̀ àwọn mọ́ńkì ni ó gbẹ́ wọn nígbà ìdánrawò. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òótọ́, ẹsẹ̀ tó ń janlẹ̀, tó ń ṣí kúrò, tó sì ń padà síbi kan náà ni ó lè gbẹ́ kòtò. Ẹsẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ kò lè gbẹ́ ẹ.

Ní ti ìrẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Nínú òfin ìdíje taolu tí wọ́n ti ń ka ìgbésẹ̀ tó le mọ́ ọn, máàkì 10 ni ó wà, 5 nínú rẹ̀ jẹ́ ti bí ìgbésẹ̀ ṣe péye. Bí itan kò bá tẹ́jú tó nínú mabu, tàbí tí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn gòkè nínú gongbu, 0.1 ni wọ́n ń yọ. Adájọ́ ni ó ń béèrè fún un. Ó dára fún wa tí a ń díje, pàápàá nísinsìnyí tí wọ́n ti fi wushu sínú ètò Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026, tí àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yóò fi ní ìdí láti múra sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹni tí kò díje yóò fi fi orúnkún rẹ̀ wá máàkì.

Ọ̀nàÀárín

Mo ṣe Wing Chun, ẹ̀yà kung fu mìíràn láti gúúsù Ṣáínà, mo sì fẹ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun mọ̀ pé gúúsù Ṣáínà gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìrẹlẹ̀. Agbègbè Foshan tó bí Wong Fei-hung náà ni ó bí Ip Man, ẹni tó kọ́ àwọn ènìyàn ní Wing Chun ní Hong Kong láti 1950. Síbẹ̀ ìdúró ìpìlẹ̀ tiwa, yi ji kim yeung ma, ga, kò gbòòrò. Iwájú ẹsẹ̀ yí sínú, orúnkún méjèèjì sì sún mọ́ra díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin Siu Nim Tau, taolu àkọ́kọ́ wa, a kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ lè tètè gbé ẹsẹ̀ níbi tó há, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Olùtọ́júIṣan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti sọ pé orúnkún tó ń ṣubú sínú kò dára. Kí ni kí àwa tí orúnkún wa ń wọ inú nípa ẹ̀kọ́ ṣe?

Olùtọ́júIṣan

Ìbéèrè pàtàkì ni. Nínú ìdúró tiyín, iwájú ẹsẹ̀ pàápàá ti yí sínú, orúnkún sì kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kọjú sí. Láti inú ìbàdí ni gbogbo ẹsẹ̀ ti yí, ìtẹ̀ náà kò sì jìn. Ewu rẹ̀ kéré. Ibi tí mo ti ń rí ìṣòro ni lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síwájú, tó wá ń fi tipátipá fún orúnkún méjèèjì mọ́ra, tí ìrora sì ń mú un ní ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi orúnkún ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìbàdí ṣe.

ÌrìnPẹ̀lẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun, ọmọ mi, taijiquan, ẹ̀yà kung fu tí a sábà máa ń ṣe jẹ́jẹ́, ni mo ń ṣe, ọjọ́ orí mi sì ti kọjá ti ẹni tó ń wá bí itan yóò ṣe tẹ́jú. Mo ka ohun tí gbogbo yín kọ, inú mi sì dùn sí i. Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ.

Dídúró ń kọ́ ènìyàn láti tú ara sílẹ̀. Wang Xiangzhai, tó kọ́ ẹ̀yà kung fu tí wọ́n ń pè ní xingyiquan lọ́dọ̀ Guo Yunshen, ni ó wá fi zhan zhuang, ìyẹn dídúró sójú kan, ṣe ọ̀pá ìdúró ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a mọ̀ sí yiquan. Orúnkún kàn tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ni, ọwọ́ ká níwájú àyà, ẹni náà á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Kò sí itan tó tẹ́jú. Bí ìṣẹ́jú ti ń lọ, ìwọ fúnra rẹ yóò rí ibi tí o ti ń fún ara rẹ pọ̀ láìnídìí: èjìká, ọrùn, eyín tó há mọ́ra, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ wọnú. Nígbà tí o bá tú wọn sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ á kọjá sí àtẹ́lẹsẹ̀, ìwọ náà á sì mọ̀ ọ́n. Nínú xingyiquan, santishi ni wọ́n ń dúró nínú rẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Ibi tó ṣe kókó jù ni ibi tí itan ti pàdé ikùn ìsàlẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní kua. Bí ibẹ̀ bá ká dáadáa, tí o jókòó sínú rẹ̀, orúnkún kò ní sún síwájú jù. Bí ibẹ̀ bá le, ohunkóhun tí o bá fi rẹlẹ̀, orúnkún ni yóò sanwó rẹ̀. Kí o tó sọ̀kalẹ̀, fi ìka ọwọ́ rẹ sí ibẹ̀ lápá méjèèjì, kí o rí i pé o ń ká ibẹ̀ mọ́ ìka náà bí o ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Nínú taijiquan, taolu kan náà ni a lè ṣe lókè, ní àárín tàbí nísàlẹ̀, olùkọ́ tó mọṣẹ́ á sì yan èyí tó bá ara akẹ́kọ̀ọ́ mu.

ỌmọHungGar, ẹ má bínú, ohun kan wà tí n kò gbà pẹ̀lú yín, ìyẹn ìtàn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo oṣù púpọ̀ nínú mabu kí wọ́n tó fi nǹkan mìíràn hàn án. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí olùkọ́ ayé àtijọ́ fi ń mọ ẹni tó ní sùúrù. Lónìí, ẹni tó ní sùúrù gan-an ni ó ń fara pa, nítorí òun ni kò ní sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń dùn ún.

ỌmọHungGar

Mama, mo gbọ́, ẹ ṣeun. Mo gbà pé sùúrù àti ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Síbẹ̀, mo ṣì dúró lórí pé ìrẹlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti adájọ́. Nínú Hung Gar, a máa ń wọ abẹ́ alátakò, a máa ń fi èjìká àti ìbàdí ṣí i nípò, ẹni tí kò bá lè sọ̀kalẹ̀ kí ó sì ní agbára níbẹ̀ kò ní rí i ṣe. Olùtọ́júIṣan ti sọ ọ́ pé ìwọ̀n tí a bá fi dúró ni a ń kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lágbára nísàlẹ̀, ó ní láti dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá ti ṣe tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi fóònù ya ara mi nígbà tí mo wà nínú mabu, mo sì rí i kedere: ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, orúnkún méjèèjì wà níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rẹ̀ mí, ti ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú, ẹ̀gbẹ́ ìta àtẹ́lẹsẹ̀ náà á sì fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Báwo ni mo ṣe lè sọ fún olùkọ́ mi láìdàbí ọ̀lẹ tàbí ẹni tí kò mọ ọ̀wọ̀? Báwo ni n ó sì ṣe mọ ìgbà tó tọ́ láti rẹlẹ̀ sí i?

ÌrìnPẹ̀lẹ́

Má sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Dé ṣáájú àwọn yòókù, kí wọn dáadáa, fi fídíò náà hàn wọ́n, kí o sì béèrè pé, “Ọ̀gá, orúnkún mi ń wọ inú níbí, ó sì ń dùn mí, báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?” Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè àtúnṣe kì í jọ ọ̀lẹ lójú olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí o fara da orúnkún tó ń dùn ọ́, a jẹ́ pé kí o wá olùkọ́ mìíràn.

ỌmọHungGar

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ fi fídíò yín ṣe òdiwọ̀n. Ìgbà tí orúnkún ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ni ìdúró yẹn parí, kódà bí itan bá ṣì lè gbé e. Ẹ dìde, ẹ sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lè parí gbogbo ìgbà tí Olùtọ́júIṣan kà fún yín láìjẹ́ pé orúnkún ṣí nípò, tí ìrora kò sì sí ní ọjọ́ kejì lórí àtẹ̀gùn, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan, kí ẹ dín àkókò kù, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá dúró tán, ẹ ṣe yíyí mabu sí gongbu tí WushuÈkó sọ, ní ìwọ̀n tó ga ju èyí tí ẹ fi dúró lọ, kí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ má baà kọ́ àṣà burúkú.